Ẹ̀kọ́ 12: Yunifásítì Lomé, ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo wa

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Lónìí a ó ka ẹ̀kọ́ lórí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́. Ẹ má sọ pé: "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Àgbẹ̀ ni mí." Ẹ kà á dé òpin ná. Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yín ni.

1. Ìwé tó wà lára ògiri

Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó wà ní kíláàsì wa ní Kambolé lọ kí olùkọ́ kan nílé. Ó rí ìwé kan tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Nítorí pé bàbá náà ti mọ ìwé kà, kò jẹ́ kí ó kọjá lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á díẹ̀díẹ̀: U-NI-VER-SI-TÉ DU BÉ-NIN.

Nígbà tó dé kíláàsì ní alẹ́, ó ní: "Ẹ gbọ́ o. Olùkọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti kàwé. Ilẹ̀ Bénin ló ti kà á. Èmi fúnra mi ni mo fi ojú mi kà á."

Bàbá mìíràn dá a lóhùn pé: "Rárá o. Lomé ló ti kàwé. Èmi ni mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ibi tó ti wọ ọkọ̀."

Ni ariwo bá sọ. Ọ̀kan ní òun kà á, èkejì ní òun mọ̀ ọ́n.

Mo bi bàbá tó ka ìwé náà pé: "Bàbá, ọdún wo ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé yẹn?" Ó ní òun kò wo ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó padà lọ wò ó. 1988 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn bàbá méjèèjì kò purọ́. Ohun tí bàbá kìíní kà wà lórí ìwé náà. Ohun tí bàbá kejì mọ̀ náà, òótọ́ ni. Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ìtàn yunifásítì náà ló máa là á yé wa.

2. Kí là ń pè ní yunifásítì?

Bí ọmọ bá parí ilé-ìwé kékeré, á lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, á lọ sí líséè. Bó bá yege BAC ní líséè, ó lè lọ sí yunifásítì. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ga jù ú lọ.

Iṣẹ́ méjì ni yunifásítì ń ṣe. Èkíní ni pé ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ tó le: iṣẹ́ dókítà, iṣẹ́ adájọ́, iṣẹ́ olùkọ́ líséè, iṣẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán afárá kí a tó kọ́ ọ. Èkejì ni pé ó ń wá ìdí nǹkan. Kí ló ń pa adìẹ? Kí ló dé tí ilẹ̀ yìí kò so àgbàdo mọ́? Àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ń gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé kí ẹlòmíràn lè kà á.

Yunifásítì Lomé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti ìlú ni. Ìjọba ló ń fi owó ìlú gbọ́ bùkátà rẹ̀. Níbo ni owó ìlú ti ń wá? Ìgbà tí ẹ bá ra simẹ́ńtì, ìgbà tí ẹ bá ra epo sínú alùpùpù, owó orí wà nínú iye tí ẹ san. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ní ọwọ́ nínú yunifásítì náà, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

3. Kí ọdún 1970 tó dé

Ilẹ̀ Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí yunifásítì kankan nílẹ̀ wa. Ọmọ tó bá fẹ́ kàwé kọjá líséè, àfi kó lọ sí òkèèrè. Àwọn kan lọ sí Dakar ní ilẹ̀ Senegal, níbi tí àwọn Faransé dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní 1957. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Lóòótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti wà ní Ìbàdàn àti ní ilẹ̀ Ghana láti 1948. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, Faransé sì ni àwọn ọmọ wa kọ́ ní ilé-ìwé.

Ẹ rò ó wò. Bàbá wo ní Kambolé, ní Tchamba tàbí ní abúlé kan lẹ́bàá Sokodé ló lè rán ọmọ rẹ̀ dé Dakar nígbà yẹn? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó kàwé jìnnà fi kéré bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, ilẹ̀ Togo àti ilẹ̀ Dahomey, tó jẹ́ aládùúgbò wa, pa ọwọ́ pọ̀. Ilẹ̀ Faransé ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn wà ní Lomé. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ọmọ Togo tó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì á lọ sí Àjàṣẹ́. Ọmọ Dahomey tó fẹ́ kọ́ ìtàn á wá sí Lomé.

Orúkọ wo ni wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ náà? Wọn kò lè fi Togo pè é, ilẹ̀ kejì á bínú. Wọn kò sì lè fi Dahomey pè é. Wọ́n wo òkun tó wà níwájú Lomé, tó wà níwájú Kùtọnù, tó sì lọ títí dé Èkó. Apá òkun yẹn ni ìwé ń pè ní Golfe du Bénin. Òkun yẹn kan ilẹ̀ méjèèjì. Nítorí náà wọ́n fi Bénin pè é. Ẹ kíyè sí i: nígbà yẹn, kò tíì sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Bénin.

4. Ọdún 1970 àti ọ̀rọ̀ orúkọ

Bí ọmọ ìyá méjì bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, ọjọ́ ń bọ̀ tí oníkálukú á kọ́ ilé tirẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, ìjọba Togo kọ òfin tó dá yunifásítì sílẹ̀ ní Lomé. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Ampah Johnson. Ní ọdún yẹn kan náà, ilẹ̀ Dahomey dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kùtọnù.

Lomé kò ju orúkọ àtijọ́ nù. Wọ́n pe tiwa ní Université du Bénin. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn ní 1970. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, ilẹ̀ Dahomey pa orúkọ rẹ̀ dà, ó di Bénin. Láti ìgbà náà, yunifásítì ilẹ̀ Togo ń jẹ́ orúkọ aládùúgbò. Yàtọ̀ sí èyí, yunifásítì mìíràn tún wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìlú Benin, tí òun náà ń jẹ́ Yunifásítì Benin. Ẹni tó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti òkèèrè lè ṣì í fi ránṣẹ́ síbòmíràn!

Ní 2001, wọ́n yí orúkọ náà padà sí Université de Lomé. Orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní nìyẹn.

Ó ti yé wa báyìí. Olùkọ́ yẹn gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1988. Ní 1988, Université du Bénin ni orúkọ yunifásítì Lomé. Bí ó bá jẹ́ 2008 ló gbà á ni, Université de Lomé ni ìbá wà níbẹ̀. Bàbá kìíní kà á dáadáa, ṣùgbọ́n kò kà á tán. Ẹni tó ka òkè ìwé tí kò ka ìsàlẹ̀, ìdajì ló kà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

5. Kí ni yunifásítì náà ń ṣe fún wa?

Púpọ̀ nínú àwọn dókítà tó ń tọ́jú wa nílẹ̀ Togo, Lomé ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ilé-ìwòsàn ńlá Sylvanus Olympio, tí a ń pè ní Tokoin tẹ́lẹ̀, àti ilé-ìwòsàn Campus ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ti ń wo bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn. Bí ọmọ yín bá ní ibà tó le ní òru, tí dókítà sì gbà á là, ẹ̀kọ́ Lomé lè ti wà nídìí rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ líséè ní Tchamba àti ní Sokodé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti àwọn ọdún 2010, Báǹkì Àgbáyé ti ran yunifásítì náà lọ́wọ́ láti ní ibi ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ ti ẹyẹ ọ̀sìn nìkan: adìẹ, ẹtù, àti ẹyin wọn. CERSA ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá síbẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà. Ẹ ò rí i? Nígbà kan ọmọ wa ló ń lọ sí òkèèrè. Báyìí ọmọ òkèèrè náà ń wá sọ́dọ̀ wa, torí adìẹ!

Ṣé àwọn ẹlòmíràn ka ìwé ẹ̀rí Lomé sí? Bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1968, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé ní ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní CAMES. Ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ouagadougou. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń yẹ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò kí wọ́n tó gòkè, ó sì ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ìwé ẹ̀rí tí CAMES bá gbà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà á gbà á. Ilé gogoro kọ́ ló ń fún yunifásítì ní iyì. Ohun tó ń fún un ní iyì ni pé, bí ọmọ bá gbé ìwé rẹ̀ dé ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á ní: "A mọ ibi tó ti wá."

6. Ìṣòro kò ṣaláìsí

Ẹ̀kọ́ tó bá sọ dídùn nìkan, kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìjà òṣèlú pọ̀ nílẹ̀ wa. Láti oṣù kọkànlá 1992, àwọn òṣìṣẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó wọ inú ọdún 1993, ẹ̀kọ́ sì dàrú káàkiri.

Ìṣòro kejì ni èrò. Yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ díẹ̀ ní 1970 ti ní ju 40.000 lọ báyìí. Àwọn mìíràn á jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè rí àyè jókòó. Yàrá tó wà nínú ọgbà kò tó, ọ̀pọ̀ ló ń háyà ilé nígboro. Ìjọba ń fún àwọn kan ní ìrànlọ́wọ́ owó, ṣùgbọ́n kì í tó fún oúnjẹ, ilé àti ọkọ̀. Ìyókù dọwọ́ àwọn òbí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí ló ń tètè rí iṣẹ́.

Ìṣòro kẹta ni ọ̀nà. Láti Sokodé dé Lomé ju kìlómítà 300 lọ. A ó kọjá Sotouboua, Blitta, Atakpamé, Notsé àti Tsévié kí a tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ṣí yunifásítì kejì ní Kara ní 2004. Láti Sokodé dé Kara kò tó kìlómítà 100. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa lè yan ibi tó bá ní ẹ̀kọ́ tó ń fẹ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó rán an lọ, torí ẹ̀kọ́ tó wà ní Lomé kọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà ní Kara.

7. Ọ̀nà láti abúlé

Ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Ilé-ìwé kékeré: ọdún 6, ìdánwò rẹ̀ ni CEPD. Kọ́lẹ́ẹ̀jì: ọdún 4, ìdánwò rẹ̀ ni BEPC. Líséè: ọdún 3, ìdánwò rẹ̀ ni BAC. Ní yunifásítì: licence jẹ́ ọdún 3, master jẹ́ ọdún 2 lé e. Iṣẹ́ dókítà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní líséè, ọmọ á yan ẹ̀ka. A4 jẹ́ ti èdè àti ìwé. C jẹ́ ti ìṣirò. D jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ara ènìyàn, ẹranko àti ewéko. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yàn án torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yàn án. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà tó sì yan A4, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ẹ pè é, ẹ bi í: "Kí lo fẹ́ ṣe lọ́la?" Kí ẹ sì bi olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

8. Ìwé tó wà nínú àpótí

Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo dé. N kò dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé, tó yege BAC. Gbogbo ilé yọ̀. Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ewúrẹ́ méjì. Nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n ní kó mú ìwé ìbí wá. Wọ́n wò ó. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìbí àti orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánwò kò bára mu. Lẹ́tà méjì péré ló yàtọ̀. Ọjọ́ ìbí náà yàtọ̀.

Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe ní ilé-ẹjọ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Owó ewúrẹ́ tán sójú ọ̀nà. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Ọdún kan lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kejì, wọn kò rí owó mọ́.

Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé: "Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìwé yẹn fi wà nínú àpótí mi. Mo ń ká a, mo ń tọ́jú rẹ̀, eku kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Ọmọ náà kò ṣe ohun tó burú. Ìyá náà kò ṣe ohun tó burú. Àìmọ̀ọ́kà ló ná wọn ní ọdún kan, ó sì ná wọn ní yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ yín ni. Láti ilé yín ni ọ̀nà yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀, nínú àpótí yín.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí:
– Bí ẹ bá bímọ, ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kíá. Ẹ má dúró di ìgbà CEPD.
– Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, ẹ ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, ọjọ́, oṣù, ọdún. Bí àṣìṣe bá wà, ẹ sọ níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù.
– Bí ọmọ yín kò bá ní ìwé ìbí rárá, ilé-ẹjọ́ lè fún un ní ìwé tí Faransé ń pè ní jugement supplétif. Ẹ lọ ṣe é kí ọdún ìdánwò tó dé.
– Bí wọ́n bá ń kọ orúkọ ọmọ fún ìdánwò, ẹ mú ìwé ìbí dání, kí ẹ fi wé e lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
– Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, kí ẹ fi í pamọ́ sí ibòmíràn, torí iná àti òjò.

Ìyá yẹn wà ní kíláàsì wa báyìí. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yẹn bímọ, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gba ìwé ìbí. Ó kà á níwájú akọ̀wé, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà kan kù níbí." Akọ̀wé náà wò ó, ó sì tún un kọ.

9. Ìṣirò

a) Wọ́n dá yunifásítì Lomé sílẹ̀ ní 1970. Ọdún mélòó ló pé ní 2020?
b) Láti 1975 tí Dahomey ti di Bénin títí di 2001, ọdún mélòó ni yunifásítì Lomé fi jẹ́ orúkọ aládùúgbò?
d) Ọmọ kan wọ ilé-ìwé ní ọmọ ọdún 6. Kò tún kíláàsì kankan ṣe. Ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́ tó bá parí líséè? Tó bá parí licence ńkọ́?
e) Bàbá kan ń fi 500 F pamọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní líséè. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Èló ni yóò ní lẹ́yìn ọdún 3?

10. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀

– Kí ló dé tí àwọn bàbá méjì yẹn kò fi purọ́, síbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn?
– Ta ló ni yunifásítì Lomé? Kí ló jẹ́ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀?
– Ṣé a máa ń rán ọmọbìnrin jìnnà ní ẹ̀kọ́ bí ọmọkùnrin nílùú wa? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló fà á?

Iṣẹ́ ilé: Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí yín. Ẹ mú ìwé ìbí àwọn ọmọ yín jáde. Ẹ kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ mú un wá sí kíláàsì lọ́la, a ó jọ kà á.